Fídíò Ìwé Bàbá Òǹkọ̀wé àti Ohùn Daddy Rẹ

Thamesmead,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé òtútù Leeds ò tíì mú ọ jù? Èmi wà pa. Ẹsẹ̀ tó ń dùn mí ti dẹ̀ díẹ̀, mo sì ti jẹun kí n tó jókòó, torí náà má wulẹ̀ bi mí. Mo mọ̀ pé wàá máa sọ nínú ara rẹ pé kí ló dé tí Mummy ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Fóònù náà kúkú la lò lọ́jọ́bọ̀, tí ìwọ ń sunkún, tí èmi ń pariwo, tí kò sì sẹ́ni tó gbọ́ ohun tí ẹnì kejì ń sọ. Bí mo bá kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí, o ò ní ráyè já lu ọ̀rọ̀ mi.

Iṣẹ́ tí wọ́n fún ọ yìí, o ní o fẹ́ kọ̀ ọ́. O ní ilé-iṣẹ́ tó ń ṣọ́ ẹ̀tọ́ àwọn òǹkọ̀wé ni, pé iṣẹ́ tìrẹ ni kí o máa wá àwọn fídíò tí àwọn olólùfẹ́ ìwé ṣe sórí íńtánẹ́ẹ̀tì láìgbàṣẹ, kí o sì máa ní kí wọ́n yọ wọ́n kúrò. O wá ní, “Mummy, irú àwọn èèyàn yẹn ló pa ohùn Daddy rẹ́. Ṣé èmi ni màá wá di ọ̀kan nínú wọn?”

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára, Mosún. Àtọjọ́bọ̀ ni mo ti ń gbé e kiri. Mo gbé e lọ síbi iṣẹ́, mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ọjọ́ Jímọ̀ yìí lo gbọ́dọ̀ dá wọn lóhùn, ohun tí èmi sì fẹ́ kí o sọ fún wọn ni pé o gbà. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ fún ọ bó ṣe yẹ, kí o má bàa rò pé owó oṣù ni Mummy ń wò.

Ṣé o rántí ilé wa àtijọ́, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í wó àwọn ilé ẹ̀gbẹ́ adágún? Ilé oníkọnkéré tí òtútù ń gba abẹ́ fèrèsé wọlé, tí àwọn pẹ́pẹ́yẹ funfun ọlọ́rùn gígùn yẹn sì ń rìn nísàlẹ̀ bí ẹni tó ni ilé. Mo bú ilé yẹn títí mo fi kó kúrò níbẹ̀. Ní báyìí tí ilé mi gbóná, tí gbogbo nǹkan ń ṣiṣẹ́, òun ni mo máa ń lálàá rẹ̀. Lójú àlá mi, Sátidé ló máa ń jẹ́, Daddy rẹ sì ti parí iṣẹ́ lórí bọ́ọ̀sì. Wọ́n á wọlé, wọ́n á bọ́ bàtà, wọ́n á fọ ẹsẹ̀, wọ́n á wá jókòó sídìí tábìlì ìdáná. Wọ́n á pè ọ́, wọ́n á ní, “Àbẹ̀kẹ́, gbé ìwé wa wá.”

Ìwé wo ni wọ́n tún ń wí ju Ilé Tó Kọjú Sódò lọ? Inú báàgì ni wọ́n gbé e sí wá láti Ìjẹ̀bú. Aṣọ mẹ́ta, bàtà kan, ìwé kan. Èèpo ẹ̀yìn ìwé náà ti ya kí n tó mọ̀ wọ́n, wọ́n sì ti fi bébà ìdì ẹrù bò ó. Èmi kọ́kọ́ kórìíra ìwé yẹn, mo fẹ́ kí o mọ̀. Màá ti ibi tí mo ti ń tọ́jú àwọn arúgbó bọ̀ pẹ̀lú ẹ̀yìn ríro, mi ò sì fẹ́ gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti dé ibi ìyá onílé inú ìtàn náà, tí wọ́n gbé ohùn sókè, tí wọ́n tẹ imú, èmi tó ní mi ò fẹ́ gbọ́ ni màá máa rẹ́rìn-ín títí dòdò á fi jóná lórí iná. Dòdò dúdú la jẹ jù nínú ilé yẹn, ìwé ló fà á.

Ìgbà tó o wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì lo bẹ̀rẹ̀ ti fídíò. O fi fóònù rẹ ti ìgò òróró, o ní kí wọ́n máa kàwé lọ, kí wọ́n má wo ibẹ̀. O wá ń fi ọwọ́ ya àwọn àwòrán rẹ, ilé náà, ìyá onílé náà, àti odò. Odò inú ìwé nílẹ̀ wa ni, ṣùgbọ́n Thames lo mọ̀, Thames náà lo yà. O tilẹ̀ tún gbé ọkọ̀ ojú omi Woolwich sí i láàárín, tòun ti mọ́tò lórí. Daddy rẹ rí i, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di tábìlì mú. Wọ́n ní kí o má yọ ọ́.

O gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, apá kan tẹ̀ lé òmíràn, o sì kọ ọ́ síwájú pé ẹ̀yin ń fi yẹ́ Bàbá Òǹkọ̀wé tó kọ ọ́ sí ni. A ò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni á wò ó. Obìnrin kan kọ̀wé láti Kánádà pé ohùn Daddy rẹ lòun fi ń dáná. Ọkùnrin kan láti Ìbàdàn ní ó jọ ohùn tíṣà òun tó ti kú. Bí Daddy rẹ bá gba ìsinmi díẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ní Woolwich, wọ́n á pè ọ́, wọ́n á ní, “Kí ni wọ́n wí lónìí?” Ọkùnrin tí àwọn èrò inú bọ́ọ̀sì kì í kí ni o, ẹ̀yìn gíláàsì ló máa ń jókòó sí látàárọ̀. Inú Daddy rẹ dùn débi pé wọ́n lọ gẹ irun.

Nígbà tó yá, ìwé ìkìlọ̀ dé. Wọ́n ní ẹni tó ni copyright ìwé náà ti fẹjọ́ sùn, wọ́n ti yọ apá kìíní, bí ẹ̀sùn bá sì pé mẹ́ta, wọ́n á ti àkáǹtì rẹ pa, gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ á sì lọ. O bẹ̀rẹ̀ sí í bínú. Èmi náà bínú, mo ní ta là ń tà á fún? Daddy rẹ nìkan ni kò bínú. Wọ́n ní, “Ìwé oníwèé ni. A ò tọrọ.”

Òótọ́ ni wọ́n sọ, Mosún, mo sì fẹ́ kí èyí yé ọ dáadáa kó o tó wọ iṣẹ́ náà. Orí ìwé lódindi là ń kà. Ìfẹ́ là ń fi kà á, ṣùgbọ́n a ò béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́.

Ìyáàfin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ló sọ pé Bàbá Òǹkọ̀wé wà nítòsí, pé wọ́n wá tọ́jú ojú, ọ̀dọ̀ ọmọ wọn obìnrin ní Plumstead ni wọ́n sì ń gbé. Daddy rẹ ní ó ti parí, a máa lọ bẹ̀ wọ́n. A ra iṣu, a ra páálí móòtì kan. Daddy rẹ wọ agbádá, wọ́n wọ kóòtù iṣẹ́ lé e, agbádá wá ń yọ nísàlẹ̀ bíi kọ́tìnì. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ wọ bọ́ọ̀sì kan náà ní iwájú súpámákẹ́ẹ̀tì, o wá ń wojú fèrèsé bí ẹni tí kò mọ̀ wá rí. Mo rí ọ. Mo fún ọ ní iṣu gbé, kí wọ́n lè mọ̀ pé ara wa ni ọ́.

Auntie Bísọ́lá, ọmọ Bàbá tó ń mójú tó ẹ̀tọ́ ìwé wọn, ló ṣílẹ̀kùn. Kò fi bẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó gba iṣu, ó kí wa káàbọ̀, ó wá wọlé lọ mú ìwé kan jáde. Ilé Tó Kọjú Sódò ni, ṣùgbọ́n ayédèrú ni, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí bébà tó ń hàn sẹ́yìn. Ó ṣí i dé ìparí. Orí tó kẹ́yìn kò sí níbẹ̀. Ó ní àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ yọ orí náà kúrò kí bébà má bàa tán wọn lọ́wọ́, báyìí ni wọ́n ṣe ń tà á kiri, àwọn èèyàn sì ń rò pé bàbá òun kò mọ bí a ṣe ń parí ìtàn. Omi wà lójú rẹ̀. Ó ní, “Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ò tà á. Ṣùgbọ́n bí mo bá fojú fo tiyín, kí ni màá sọ fún àwọn tó ń tà á?”

 

Ibẹ̀ ni Bàbá ti sọ̀rọ̀ láti orí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ amúlégbóná. Wọ́n ní, ta ló ń ka ìwé òun? Daddy rẹ dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí kápẹ́ẹ̀tì yẹn. Bàbá ní kó dìde, kó kà á fún òun gbọ́. Ojú wọn ò lè kàwé mọ́, ṣé o rántí? Daddy rẹ wá kà á. Nígbà tí wọ́n dé ibi ìyá onílé, Bàbá gbọ́wọ́ sókè, wọ́n ní, “Ohùn rẹ̀ ò le tó bẹ́ẹ̀ yẹn. Ìyá mi ni, mo mọ bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀.” Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, Auntie Bísọ́lá pàápàá. Wọ́n fi bí ìyá wọn ṣe ń sọ̀rọ̀ han Daddy rẹ, Daddy rẹ tún un sọ, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni.

Wọ́n ní kí o mú àwòrán rẹ wá. Wọ́n gbé e sún mọ́ ojú pẹ́kípẹ́kí. Wọ́n ní ọkọ̀ wo lo gbé sínú odò àwọn yìí? O kúnlẹ̀, o ní ti Woolwich ni. Wọ́n wò ó títí, wọ́n ní kí o jẹ́ kó máa lọ kó máa bọ̀, pé odò náà ti dá wà jù. Wọ́n wá kọjú sí Daddy rẹ, wọ́n ní, “Máa kà á lọ, ọmọ mi. Mo yọ̀ǹda rẹ̀ fún yín.”

O rántí ohun tó tẹ̀ lé e. O ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, o ní, “Grandpa, ṣé ẹ lè bá wa kọ ọ́ sílẹ̀?”

Daddy rẹ wúkọ́.

Ikọ́ yẹn. Ikọ́ kékeré méjì, tí kì í ṣe ti òtútù. Ikọ́ tí wọ́n wú lọ́jọ́ tó o fẹ́ bi àlejò wa pé kí ló dé tí irun ò sí lórí wọn, lọ́mọ ọdún mẹ́fà. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ní ìtumọ̀ rẹ̀, ìwọ náà mọ̀ ọ́n. O gbẹ́nu dákẹ́. Auntie Bísọ́lá sì ti ń dìde láti lọ mú bírò, mo rí i pẹ̀lú ojú mi. Bí Daddy rẹ ṣe wúkọ́, ó jókòó padà. Bí a ṣe tọ́ wa ni. Àgbàlagbà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ yọ̀ǹda nǹkan fún ọ tán, o wá ní kó fọwọ́ sí i, bí ẹni pé ó lè jí lọ́la kó ní òun ò sọ bẹ́ẹ̀. Ojú ì bá ti gbogbo wa. A jẹ iṣu, a mu móòtì, wọ́n ṣàdúrà fún wa, a sì wọ bọ́ọ̀sì padà sí Thamesmead. Daddy rẹ ń fi ohùn ìyá onílé tí Bàbá kọ́ wọn bú mi ní gbogbo ọ̀nà.

Ìyókù, o mọ̀ ọ́n. Bàbá padà sílẹ̀ wa. Ilé-iṣẹ́ tí Auntie Bísọ́lá ní kó máa bá àwọn ṣọ́ ìwé náà ní ọ̀rọ̀ ẹnu kò tó, kí a mú ìwé àṣẹ wá. A ní bí Bàbá bá tún dé, a máa wá ọgbọ́n kan dá sí i. Bàbá ò dé mọ́. Wọ́n kú, ìwé wọn di ti gbogbo ọmọ wọn, àwọn ọmọ ò sì fohùn ṣọ̀kan. Ẹ̀sùn kejì dé, ẹ̀kẹta dé, wọ́n ti àkáǹtì náà pa. Daddy rẹ ní kò burú, ìwé ṣì wà lọ́wọ́ wa, àwọn náà ṣì wà, wọ́n á máa kà á fún wa nílé. Òótọ́ ni, wọ́n ń kà á. Kò sí ẹni tó ronú láti gbé fóònù ti ìgò òróró mọ́.

Nígbà tí Daddy rẹ lọ, tí a sin wọ́n tán, o tú fóònù rẹ, o tú kọ̀ǹpútà, ò ń wá ohùn wọn. O ti pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ nígbà náà lọ́hùn-ún, torí pé fóònù ti kún, ó sì ti wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Èmi, mo ń pe nọ́ńbà wọn. Mo rò pé bí wọn ò bá gbé e, màá gbọ́ ibi tí wọ́n ti ní kí èèyàn fi iṣẹ́ sílẹ̀. Obìnrin òyìnbó kan ló ń dáhùn. Daddy rẹ ò fi ohùn tiwọn síbẹ̀ rí. Mo ṣì ń pè é, títí wọ́n fi fún ẹlòmíràn ní nọ́ńbà náà.

Mo mọ ohun tó ń dùn ọ́, ọmọ mi. Ó ń dun èmi náà. Ṣùgbọ́n “àwọn èèyàn yẹn” tí ò ń wí, ta ni wọ́n? Auntie Bísọ́lá wá síbi ìsìnkú, o ń dá àwọn àlejò lóhùn nígbà náà. Ó jókòó tì mí ní ìdáná, ó ń bá mi bó ẹ̀wà. Ó ní, “Mummy Mosún, mo ti dìde o. Mi ò mọ ìdí tí mo fi jókòó padà.” Mo ní mo mọ̀ ọ́n. A wo ara wa, a sunkún, a sì bó ẹ̀wà tán. Ọmọ tó ń jà fún ìwé bàbá rẹ̀ ni, bí ìwọ náà ṣe ń jà fún ohùn bàbá tìrẹ. Má pè é ní ọ̀tá níwájú mi mọ́.

Torí náà, gba iṣẹ́ náà. Ẹni tí irú èyí ò ṣẹlẹ̀ sí rí ni wọ́n máa gbé e fún bí o bá kọ̀ ọ́, ẹni yẹn á sì jókòó síbẹ̀, á máa tẹ bọ́tìnnì bí ẹni tó ń pa ẹ̀fọn. Ìwọ mọ ohun tó wà nídìí bọ́tìnnì náà.

Bó o bá dé ibẹ̀, èkíní, kọ́kọ́ lọ bá àwọn tó ń tà á. Àwọn tó yọ orí tó kẹ́yìn kúrò nínú ìwé oníwèé, àwọn ni kí o fi agbára rẹ lé. Bí ọ̀gá rẹ bá ní fídíò àwọn ọmọdé ló rọrùn láti rí, sọ fún un pé o mọ̀ pé ó rọrùn.

Èkejì, kí o tó yọ fídíò ẹnikẹ́ni, kọ̀wé sí i bí ọmọ èèyàn. Kí o kí i. Sọ pé o rí iṣẹ́ rẹ̀, pé ó dára bó bá dára. Wá sọ pé kó fi ẹ̀dà kan pa mọ́ sílé, kó tó di ọjọ́ báyìí. Bí òfin ilé-iṣẹ́ yín ò bá ní kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀, ìwọ ṣe é. O ò mọ ohùn ta ló wà nínú ẹ̀.

Bí ó bá sì jẹ́ pé àṣẹ nìkan ni wọn ò ní, bá wọn wá a. Òǹkọ̀wé tó wà láàyè ṣì lè sọ pé òun gbà. Má jẹ́ kó di ìgbà tí yóò jẹ́ pé àwọn ọmọ rẹ̀ ni ẹ ó máa bá sọ̀rọ̀.

Ra kóòtù tó nípọn. Eléyìí ò kan copyright, ṣùgbọ́n mo rí ọ nínú fọ́tò tó o fi ránṣẹ́, kóòtù yẹn ò tó nǹkan.

Èyí tó kẹ́yìn ló ká mi lára jù. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí wàá jókòó níwájú àgbàlagbà kan tó ti yọ̀ǹda nǹkan fún ọmọ ọlọ́mọ, tí gbogbo èèyàn inú yàrá ń rẹ́rìn-ín, tí inú ń dùn, tí ẹnu rẹ á sì fẹ́ sọ pé kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Wàá gbọ́ ikọ́ Daddy rẹ. Mo mọ̀ pé wàá gbọ́ ọ, torí èmi náà ṣì ń gbọ́ ọ, nínú bọ́ọ̀sì, níbi iṣẹ́, nígbà tí mo bá fẹ́ sọ ohun tí kò yẹ. Nínú gbogbo ohùn wọn, òun nìkan ló kù sí wa létí. Má lé e lọ. Dúró kí o gbọ́ ọ tán. Lẹ́yìn náà kí o kúnlẹ̀ dáadáa, bí a ṣe kọ́ ọ, kí o sì na bírò sí wọn.

Mò ń retí ìpè rẹ lọ́jọ́ Jímọ̀. Màá ti kúrò níbi iṣẹ́.

Èmi ni,
Mummy rẹ.